Bí A Ṣe Ń Rin Àfonífojì Odò Ọya ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogi, Láti Lọ́kọ́ja Dé Ilẹ̀ Okun

Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò tó ń gba Lọ́kọ́ja kọjá lọ sí Àbújá ni kì í rí ju omi Odò Ọya láti ojú fèrèsé ọkọ̀ lọ. Wọn a ra ẹja létí títì, wọn a ya fọ́tò kan tàbí méjì, wọn a sì tún wọkọ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ dúró, tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ ilẹ̀ náà, ìbáà jẹ́ ọmọ Okun (Yorùbá ìwọ̀-oòrùn Kogi) tó dàgbà sí Èkó tàbí àlejò láti apá ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tí mo fẹ́ kó mọ̀ kó tó gbéra ni pé odò, òkè àti òfì kò ṣeé yà nípá ní agbègbè yìí. Ojú odò ni àwọn oníṣòwò àti àwọn ọmọ ogun gbà wọlé, orí òkè ni àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà tí ogun dé, ara aṣọ tí àwọn ìyá wa hun ni a sì ti ń rí ohun tí òwò gbé wá láti òkèèrè. Ìdí nìyí tí mo fi rọ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ gun òkè kí ẹ lè rí ilẹ̀ náà lódindi, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ìlú àti etí omi, lẹ́yìn náà kí ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn lọ bá àwọn ẹ̀yà Okun, ìyẹn Owé, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà, nílé wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ìwà odò náà, kí ẹ fi mú ìgbà tí ẹ óò lọ

Orí òkè ilẹ̀ Gini ni Odò Ọya ti ṣẹ̀, níbi tí kò jìnnà sí òkun ju nǹkan bí 240 kìlómítà lọ. Síbẹ̀ kò lọ sí òkun tó wà nítòsí rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó forí lé àríwá títí ó fi dé etí aṣálẹ̀ Sàhárà ní Tìmbúkútù àti Gao nílẹ̀ Mali, kí ó tó yípo gba orílẹ̀-èdè Niger wọ Nàìjíríà. Nígbà tó bá fi pàdé Odò Bẹ́núè, tó ti Kamẹrúùnù wá, ní Lọ́kọ́ja, èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 4,180 kìlómítà, ló ti rìn tán. Nílẹ̀ Mali, odò náà fọ́n káàkiri ilẹ̀ àbàtà tó gbòòrò gan-an, oòrùn aṣálẹ̀ sì ń fa púpọ̀ nínú omi rẹ̀ lọ. Odò aṣálẹ̀ ni Ọya jẹ́ ní apá àárín ìrìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọ̀dàn tútù àti etí igbó ni àwa ti mọ̀ ọ́n.

Ìwà yìí ló mú kí odò náà máa ní àkúnya méjì lọ́dún kan ṣoṣo. Èkíní ni èyí tí òjò ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ń mú wá láti oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, tí ó máa ń kó ẹrẹ̀ púpọ̀, tí àwọn onímọ̀ sì ń pè ní àkúnya funfun. Èkejì ni omi òjò ilẹ̀ Gini, tí àbàtà Mali ti dá dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì máa ń mọ́ nítorí pé ẹrẹ̀ rẹ̀ ti rọlẹ̀ lọ́nà. Òun ni wọ́n ń pè ní àkúnya dúdú. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí dáàmù Kàǹjì ní ọdún 1968, dáàmù náà ló ń gba omi ọ̀hún dúró tó sì ń tú u sílẹ̀ níwọ̀n-níwọ̀n, nítorí náà àwa tí a wà nísàlẹ̀ kì í rí ìgòkè rẹ̀ mọ́ bí àwọn baba wa ṣe ń rí i.

Kí ni èyí wúlò fún fún ẹni tó ń múra ìrìn-àjò? Ẹ má ṣe lọ ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Àkúnya ọdún 2012 àti ti ọdún 2022 bo ilé, ó bo oko, ó sì dí títì Lọ́kọ́ja sí Àbújá mọ́ àwọn ọkọ̀. Oṣù kejìlá àti oṣù kìíní dára fún ọ̀nà, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ máa ń bo ojú sánmà débi pé ẹni tó wà lórí òkè kò ní rí odò dáadáa. Lójú tèmi, ìparí oṣù kọkànlá ló dára jù lọ. Omi ṣì gbòòrò nígbà náà, iṣu tuntun pọ̀ lọ́jà, wọn kò tíì máa fi iná sun igbó, ọyẹ́ kò sì tíì mú. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí erékùṣù iyanrìn tí ń yọ láàárín odò lè dúró di oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, kó sì gbà pé ooru yóò mú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìmúra, ìlera àti ìyọ̀ǹda

Ojú ọ̀sán ni kí ẹ fi rin gbogbo ìrìn yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbéra bí ọ̀nà ṣe rí, nítorí ìjínigbé ti sọ àwọn ọ̀nà kan di èyí tí a kì í gbà lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, ohun tó sì rọrùn lọ́sẹ̀ tó kọjá lè ti yí padà. Ẹ má ṣe wọ igbó tàbí gun òkè láìmú ọmọ ìlú náà dání. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti àkókò tí ẹ óò padà fún ẹnì kan tó dúró sílé. Ẹni tó béèrè kì í ṣìnà, ẹni tó béèrè lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ kì í sì í já sínú ewu tí gbogbo ìlú ti mọ̀.

Nípa ìlera, àfonífojì yìí ní ìtàn tó yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní ọdún 1841, nígbà tí àwọn òyìnbó gòkè odò wá láti dá oko sílẹ̀ nítòsí ìpàdé omi méjèèjì, ibà pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì sá padà. Ní ọdún 1854, Dókítà William Baikie mú ọkọ̀ mìíràn wá, ó fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kìnínì lójoojúmọ́, ibà kò sì pa ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Ẹ̀fọn kò tíì lọ níbẹ̀. Ẹ mú nẹ́ẹ̀tì dání, kí ẹ sì bá oníṣègùn sọ̀rọ̀ nípa oògùn ibà kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn létí àwọn odò kéékèèké tí omi wọn ń sáré lórí àpáta nílẹ̀ Okun, nítorí kòkòrò dúdú kékeré tí ń jẹni níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní amùkùrù, ló ń kó àìsàn tó ń fọ́ni lójú ranni. Ẹ má sì wẹ̀ nínú omi tó dúró sójú kan, torí ibẹ̀ ni àtọ̀sí ajá ti ń wọ ara.

Ní ti ìyọ̀ǹda, ẹni tó kàn fẹ́ wo ìlú kò nílò láti lọ sí ààfin. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò ojúbọ, bí ẹ bá fẹ́ gun òkè tí ìlú àtijọ́ wà lórí rẹ̀, tàbí bí ẹ bá fẹ́ jókòó gba ìtàn, ẹ kọ́kọ́ lọ kí olórí ibẹ̀. Maigari ni ọba Lọ́kọ́ja, Olú ni ti Ọ̀wọ́rọ̀ ní Agbájà, Ọbaro sì ni ti Kabba. Ní ìletò, ẹ béèrè ilé baálẹ̀, kí ẹ má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ kí àgbà kí ẹ tó sọ ohun tó gbé yín wá, bí ó ti wù kí àkókò yín kúrú tó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Òkè Patti ní àfẹ̀mọ́júmọ́

Ẹ gun Òkè Patti, tó ga lókè ìlú Lọ́kọ́ja, kí oòrùn tó mú. Ó ga tó nǹkan bí 450 mítà sókè ju òkun lọ, ọ̀nà ọkọ̀ sì wà dé òkè, ṣùgbọ́n ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá gbà á yóò jàǹfààní bí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn lára ọ̀nà náà. Láti orí rẹ̀ ni ẹ óò ti rí odò méjèèjì bí wọ́n ṣe ń tọ̀ wá láti igun méjì. Ẹ wò dáadáa níbi tí wọ́n ti pàdé: omi Ọya pọ́n bí ẹrẹ̀, ti Bẹ́núè sì fẹ́ fi ara jọ àwọ̀ ewé, àwọn méjèèjì á sì jọ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dàpọ̀ di ọ̀kan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo ọ̀ọ́kán, ẹ tẹ ojú mọ́ ilẹ̀ tí ẹ dúró lé. Orí òkè náà tẹ́ pẹrẹsẹ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni òkè Agbájà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òkúta irin ló bò wọ́n lórí, òun ni kò jẹ́ kí òjò wọ́ wọn lulẹ̀ bó ṣe wọ́ ilẹ̀ tó yí wọn ká. Bí ẹ bá mú ẹ̀rúnrún òkúta pupa náà tí ẹ sì gbé e súnmọ́ ojú, ẹ óò rí wóró róbótó kéékèèké tó dì mọ́ ara wọn bí ẹyin ẹja. Ìsàlẹ̀ omi àtijọ́ ni wọ́n ti dì bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí àádọ́rin mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkun ṣì ń wọ inú àfonífojì yìí. Ẹ dá òkúta náà padà síbi tí ẹ ti mú un. Igi oṣè ńlá kan wà lórí òkè náà tí àwọn àlejò ti fi ọ̀bẹ kọ orúkọ sí lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi tiyín kún un, nítorí ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò àti àrùn ń gbà wọ inú igi.

Ẹ óò rí ilé ìsinmi Lugard, òyìnbó tó ṣàkóso Àríwá Nàìjíríà, lórí òkè náà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ló máa sọ fún yín pé níbẹ̀ ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì tó di ìyàwó Lugard, jókòó sí, tó wo odò, tó sì fún orílẹ̀-èdè wa lórúkọ. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti dá orúkọ náà lábàá, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 1897, ọdún 1902 ni òun àti Lugard sì tó fẹ́ ara wọn. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé òkè náà ní ìtàn tirẹ̀ tó pọ̀ tó láìsí pé a yá a ní ti ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Inú ìlú Lọ́kọ́ja

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rìn ín. Ní Lọ́kọ́ja ni Lugard ti gbé àsíá ọba Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, tí ìjọba àwọn òyìnbó sì bẹ̀rẹ̀ lórí Àríwá Nàìjíríà. Ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity, níbi tí òpó irin méjì wà tí wọ́n ń pè ní irin òmìnira, tó jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wà nínú ọkọ̀ ọdún 1841 yẹn, ó sì padà wá lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1864 ni wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù, àfonífojì yìí sì wà lára ilẹ̀ tó bójú tó. Ẹ lọ sí itẹ́ òkú àwọn òyìnbó, kí ẹ ka ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ lára òkúta. Ẹ má sì gbàgbé pé Lọ́kọ́ja ni àwọn òyìnbó ń kó àwọn ọba Àríwá tí wọ́n rọ̀ lóyè lọ. Aliyu, Ẹ́mírì Kánò tí wọ́n mú ní ọdún 1903, ibẹ̀ ló kú sí ní ọdún 1926.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Lórí omi

Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni afẹ́fẹ́ máa ń rọlẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má wọ ọkọ̀ tí kò bá ní ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó fún gbogbo èrò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó èrò jù sínú rẹ̀ nítorí owó. Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì sọ ọ́ ní kedere bóyá lílọ nìkan ni tàbí lílọ àti bíbọ̀.

Èdè púpọ̀ ni ẹ óò gbọ́ létí omi: Nupe, Igala, Ebira, Bassa, Hausa, pẹ̀lú Yorùbá Ọ̀wọ́rọ̀. Àwọn Kakanda àti àwọn apẹja mìíràn mọ odò náà ju ìwé èyíkéyìí lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí iyanrìn ti ṣí kúrò lọ́dún yìí, irú àwọ̀n tí wọ́n fi ń mú epìyà àti èyí tí wọ́n fi ń mú àrọ̀, àti ohun tó ti yí padà láti ìgbà tí dáàmù ti wà lókè odò. Ẹ gba àyè kí ẹ tó ya fọ́tò wọn, nítorí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọ̀nà Kabba

Nǹkan bí ọgọ́rin kìlómítà ni Kabba sí Lọ́kọ́ja. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ẹ sì máa wo bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà. Òkè olórí pẹrẹsẹ á tán, àpáta dúdú róbótó tí kò ní koríko lórí á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àpáta wọ̀nyí ti wà tipẹ́tipẹ́ kí òkúta irin Agbájà tó dì. Láàárín wọn ni ẹ óò rí igi emi, igi igbá tí a fi ń ṣe irú, àti àràbà. Níbi tí igi bá ti ṣú mọ́ra ní ìlà gígùn nínú ọ̀dàn, omi ló ń gba ibẹ̀ kọjá, kódà bí ẹ kò bá rí i.

Àwọn àpáta yìí ni odi wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bídà ń kó ilẹ̀ Okun lẹ́rú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú, ọ̀pọ̀ ìletò sì ṣí lọ sórí òkè níbi tí ẹṣin kò lè gùn. Ní oṣù kìíní ọdún 1897 kan náà tí wọ́n tẹ orúkọ Nàìjíríà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, gbéra láti Lọ́kọ́ja lọ sí Kabba láti lé àwọn ọmọ ogun Nupe tó tẹ̀dó síbẹ̀, kí wọ́n tó kọjá lọ ṣẹ́gun Bídà. Ní ibikíbi tí ẹ bá dé, ẹ béèrè bóyá ìlú náà ti fìgbà kan wà lórí òkè. Ìdáhùn máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lọ́pọ̀ ibi, wọn a sì fi ibi tí ilé, ọlọ tàbí kànga àtijọ́ wà hàn yín bí ẹ bá ti fi ọ̀wọ̀ béèrè. Bí ẹ bá pàdé ènìyàn lọ́nà, "Okun o" ni kí ẹ fi kí i. Ojú á tú ká lọ́gán.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ jókòó ti òfì

Bí àyè kò bá gbà yín ju ibì kan lọ nílẹ̀ Okun, ẹ fi àyè náà fún àwọn ahunṣọ. Òfì àwọn obìnrin wa kì í ṣe òfì ọkùnrin tí ń hun aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Òró ni ó dúró, ó fara ti ògiri, aṣọ tó ń ti ibẹ̀ jáde fẹ̀, wọ́n sì ń gán méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ láti fi ṣe ìró. Obìnrin náà jókòó sí ìsàlẹ̀, ó ti òwú gba àárín òwú kọjá láti ọ̀tún sí òsì, ó fi igi pẹlẹbẹ gígùn kan lù ú wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wo igi náà: ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ń dì í mú ti ń dán. Níbi tí ó bá fẹ́ kí àwòrán yọ, ìka ló fi ń ṣa òwú ní ẹyọ ẹyọ láìwo ohunkóhun, nítorí àwòrán náà wà lórí rẹ̀.

Nílẹ̀ Bùnú ni aṣọ ìpò ti lókìkí, aṣọ pupa tí wọ́n ń lò nígbà ìsìnkú àwọn ìjòyè àti lára egúngún. Òwú pupa rẹ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Aṣọ pupa òkèèrè, pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù, ni àwọn ahunṣọ ń tú ní fọ́nrán fọ́nrán kí wọ́n tó tún un hun di aṣọ tó níyì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ, ẹ má sì sọ pé ẹ fẹ́ fi dá aṣọ òde.

Ní Ògìdì-Ìjùmú, ìlú Nike Davies-Okundaye, oníṣẹ́ ọnà aṣọ tí wọ́n bí ní ọdún 1951, ibùdó ìkọ́ni níṣẹ́ aṣọ wà tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, ìlú náà sì ń ṣe ọdún iṣu tuntun nínú oṣù kẹfà. Bí wọ́n bá ń rẹ aró, ẹ dúró ti ìkòkò. Ewé ẹ̀lú tí wọ́n ti gún, pẹ̀lú omi eérú, ni ó ti wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí aṣọ bá ń jáde, kì í dúdú. Àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ ni ẹ óò rí. Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ sí i ló ń sọ ọ́ di aró lójú yín, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń rì í, tí wọ́n ń yọ ọ́, tí wọ́n tún ń rì í títí tí yóò fi dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra aṣọ, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó hun ún. Ẹ má ná an bí ẹni tó ń ná aṣọ ilé-iṣẹ́. Ẹ ti rí iye ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ lọ tó sì bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Yàgbà

Ẹni tó bá ṣì ní àyè lè gba Mọ̀pà àti Ìsánlú lọ sí Ẹ̀gbẹ̀. Odò Oyi àti odò Kampe ń ṣàn láti ibẹ̀ lọ bá Ọya ní àríwá, dáàmù tí wọ́n ń pè ní Omi sì wà lórí Kampe fún bíbomi rin oko. Ọdún 1908 ni Thomas Titcombe, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ SIM (Sudan Interior Mission), dé Ẹ̀gbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ohun tí ẹ ó kọ sílẹ̀ àti ohun tí ẹ ó fi sílẹ̀

Ẹ má ra ère, ìbòjú egúngún tàbí ohun ojúbọ àtijọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ onílé ló gbé e wá ní kọ̀rọ̀. Òfin ọdún 1979 lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò gba ẹni tí kò ní àṣẹ láyè láti rà á tàbí láti gbé e jáde nílẹ̀ yìí. Ìtàn ni kí ẹ gbà. Ẹ béèrè kí ẹ tó fi fóònù gba ohùn, kí ẹ sọ ọjọ́, orúkọ ìlú àti orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀ bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ ní èdè ìlú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di Yorùbá inú ìwé. Ẹ kọ Owé bí Owé, kí ẹ kọ Yàgbà bí Yàgbà, kí ẹ sì fi ìtumọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó bá ṣòro. Bí àgbà méjì bá sọ ìtàn kan ní ọ̀nà méjì, ẹ kọ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà ohùn náà, kí ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹbí ẹni tó sọ ọ́, kí ẹ sì fi èkejì sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ààfin ìlú náà kí oṣù náà tó parí.